Ẹ̀kọ́ Tí Kò Sí Nínú Táímtébù: Dáódù Ransome-Kuti àti Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Kọ́

Níbi tí ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ márùn-ún bá ti pé jọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ wò ó dáadáa, wọn kì í sọ̀rọ̀ ìṣirò. Kò sẹ́ni tó ń rántí àljẹ́bírà tó mú wa làágùn ní kíláàsì. Ohun tí wọ́n máa ń rántí ni ẹni tó nà wọ́n, síníọ̀ tí wọ́n pọnmi fún, ẹni tó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ síta nínú òtútù, àti ibi tí wọ́n ń gbà yọ́ jáde lọ ra ẹ̀wà. Ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ méjì ni ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ. Ọ̀kan wà nínú táímtébù. Èkejì ò sí níbẹ̀, olùkọ́ kankan ò sì kọ ọ́ sí pátákó rí. Bí a ṣe ń dúró níwájú ọ̀gá, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ kó má fèsì, èdè tó níyì àti èdè tí wọ́n ń fi ọmọ ṣẹ̀sín nítorí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ la kọ́, láìmọ̀ pé a ń kọ́ ọ.

Ẹnì kan wà láyé àtijọ́ tó mọ ẹ̀kọ́ kejì yìí bí ẹni mowó. Òun náà lò ó, ó tún bá a jà. Ẹni náà ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú mọ̀ sí Dáódù. Lóde òní, tí ẹ bá dárúkọ wọn fún ọ̀dọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ṣé bàbá Fẹlá nìyẹn. Bàbá Fẹlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Fẹlá rárá ni Dáódù ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, tí wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó kárí orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Ká ní ọmọ wọn ò kọrin rárá, orúkọ wọn ì bá ṣì wà nínú ìtàn.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1891. Bàbá wọn, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ni àlùfáà olórin tí wọ́n gba orin ìjọ rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, orin Yorùbá gidi. Ìdílé orin ni, ìdílé ìwé ni, ìdílé ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Nígbà tí wọ́n dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, Dáódù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Wọ́n lọ sí Fourah Bay College ní Freetown láti 1913 dé 1916, wọ́n gba dìgírì wálé, wọ́n ṣe tíṣà díẹ̀ ní CMS Grammar School ní Èkó, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ di ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School. Bí ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní 1932 ni wọ́n padà sí Abẹ́òkúta láti wá ṣe olórí ilé-ìwé tó kọ́ àwọn fúnra wọn, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1954. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí fi jẹ́ pirinsípà. Mélòó ni ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọjá!

Ní 20 oṣù kìíní ọdún 1925 ni wọ́n fẹ́ Fúnmiláyọ̀ Thomas, ẹni tí òun náà wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abeokuta Grammar School gbà wọlé ní 1914, tó sì ti lọ kàwé ní ìlú òyìnbó kó tó wọlé ọkọ. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Dolupo, Olikoye, Fẹlá àti Beko. A ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ohun tí ilé-ìwé jẹ́ nígbà yẹn. Ìjọ ló ni púpọ̀ nínú wọn, ìjọba òyìnbó ló ń ṣe bẹ̀ẹ́wò, owó ìrànwọ́ tí ìjọba bá fún wọn ni wọ́n fi ń gbéra. Ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, ìṣirò, Bíbélì àti ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí agogo bá ti lù láàárọ̀ ni ẹ̀kọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń kọ́ pé aago ló ń darí ènìyàn, kì í ṣe oòrùn. Ó ń kọ́ pé orí ìlà là ń tò sí. Ní ilé-ìwé púpọ̀, ó ń kọ́ pé èdè ìyá òun ni wọ́n ń pè ní fànákúlà, tí ẹni tó bá sọ ọ́ nínú ọgbà máa jìyà. Ó sì ń kọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu sọ ọ́, pé ẹni tó funfun ló mọ̀, ẹni tó dúdú ló ń gbọ́. Ẹ̀kọ́ tó wọra jù nìyí, nítorí pé ẹni tí wọn ò sọ nǹkan fún ní gbangba, kò ní rí ibi tó ti máa jiyàn rẹ̀.

Ó dáa. Dáódù wá ń kọ́ ọmọ nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹni tó gba ọwọ́ wọn kọjá máa ń sọ ni pàṣán. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọkùnrin yìí le. Ọ̀rọ̀ ẹgba kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wọn. Fẹlá sọ ọ́ títí tó fi dàgbà, pé nínà tí bàbá òun àti ìyá òun na òun kò lóǹkà. Inú ọgbà ilé-ìwé náà ni ẹbí ń gbé, àwọn ọmọ tó ń gbé bọ́dìnhọ́ọ̀sì wà yí wọn ká, ọmọ pirinsípà àti ọmọ àgbẹ̀ sì ń jẹ irú ìyà kan náà tí wọ́n bá ṣẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tiẹ̀ sọ pé nígbà míì, tiwọn ló máa ń pọ̀ jù, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ọ̀gá ń ṣojúsàájú.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Nínú nínà yẹn, ẹ̀kọ́ méjì ló wà, wọn ò sì bára mu. Ọ̀kan ni pé òfin kan náà ló wà fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Ẹ wo ìlú tí ọmọ ẹni ńlá ti máa ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì mú ọmọ tálákà tì mọ́lé, ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ tó níye lórí ni ọmọ rí kọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ẹni tó bá ní agbára lọ́wọ́ lè na ẹni tí kò ní. Èyí náà wọlé. Tèmi ni pé bí ẹnì kan bá ń yin èkíní, kó má ṣe bí ẹni pé òun ò rí èkejì.

Ṣùgbọ́n pàṣán nìkan kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n lo sáà díẹ̀ ní Abeokuta Grammar School nígbà èwe wọn kí wọ́n tó lọ sí Government College ní Ìbàdàn ní 1946, kọ ìtàn Dáódù sínú ìwé Aké, tó jáde ní 1981. Ohun tí mo rí nínú ìwé náà tó jọ mí lójú ju ìtàn ẹgba lọ ni pé Dáódù máa ń ṣẹjọ́. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ á wá síwájú wọn, wọ́n á ní kó rò. Ó lè gbèjà ara rẹ̀. Ó lè mú àlàyé wá. Tí àlàyé náà bá mọ́gbọ́n wá, tó já gaara, ìyà lè fúyẹ́, ó tiẹ̀ lè má sí rárá. Pirinsípà ń fẹ́ kí ọmọ jiyàn!

Ẹ bá mi gbé èyí yẹ̀ wò. Ní ilé Yorùbá, ọmọ tí àgbà ń bá wí tó wá ń fèsì, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Ní ilé-ìwé òyìnbó, ọmọ dúdú tó ń bá ọ̀gá jiyàn, alágídí ni. Dáódù, tó jẹ́ àlùfáà, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, wá ṣí àyè kan sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti lè dúró níwájú alágbára kó sì ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Kò sí sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú táímtébù. Wọn ò sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹnu àti orí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, pẹ̀lú pàṣán lórí tábìlì, kí n má parọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tó wà nínú Aké wà nítòsí ìparí ìwé náà. Ọmọ náà ti fẹ́ lọ sí Government College, ilé-ìwé tó jẹ́ pé òyìnbó ló pọ̀ nínú àwọn tó ń darí rẹ̀, tí gbogbo òbí ń gbàdúrà kí ọmọ wọn rí wọ. Inú Dáódù ò dùn sí i rárá. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò dáa. Wọn ò bínú sí Látìn wọn, wọn ò bínú sí sáyẹ́ǹsì wọn. Ohun tí wọ́n bínú sí ni pé níbẹ̀, ọmọ ní láti máa pe tíṣà ní sà. Sà lówùúrọ̀, sà lọ́sàn-án. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ ẹrú ni, ọgbọ́n tí òyìnbó fi ń yọ ìwà akin kúrò lára ọmọdé nígbà tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀ ni. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù tí kò ní àpò. Àpò ṣòkòtò, ẹ gbọ́ ná!

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá yìí ń wá ìjà. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ta ló ń rán ṣòkòtò láìní àpò? Ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ kó ọwọ́ sápò ni. Kí ló dé tí kò fẹ́ kó kó ọwọ́ sápò? Nítorí pé ẹni tó kó ọwọ́ sápò dúró bí ẹni tó ni ara rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé láyé ìgbà yẹn, akọ̀wé dúdú tó kó ọwọ́ sápò níwájú òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ lè tibẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Nítorí náà, kí ọmọ tó dé ọ́fíìsì rárá, télọ̀ ti bá a yanjú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọmọ náà pé ìwọ kéré sí wa. Wọ́n kàn rán ṣòkòtò.

Àwa tí à ń ka ìwé yìí ńkọ́? A ti sọ sà títí ó ti di bí ẹni mí. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní poli, a pé bí ọgọ́rin nínú kíláàsì kan. Olùkọ́ wa parí ọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó bi òun, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́. Gbogbo wa dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tún un sọ. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ó ti jáde tán ni gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni bàbá yìí ń sọ. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe poli. A ti mú un wá láti ilé-ìwé gírámà ni, ó wà nínú àpótí wa pẹ̀lú sèrítífíkéètì.

Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ. Ìdílé Ransome-Kuti máa ń sọ ìtàn kan, Fẹlá náà sì máa ń sọ ọ́, pé Dáódù ń kọjá níbi tí wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sí, wọn ò ṣí fìlà fún un. Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ bíi tiwọn, fi ìbọn lù wọ́n, ó sì ṣe wọ́n léṣe. Àlùfáà Ọlọ́run, ọ̀gá ilé-ìwé! Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí Dáódù fi ń ka ọ̀rọ̀ sà àti ọ̀rọ̀ àpò sí nǹkan gidi, ẹ rántí ìbọn yẹn. Ṣọ́jà yẹn náà ti gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti dúró tì í kó tó mọ ohun tó máa ṣe.

Ìjà míì tí wọ́n jà kan àwọn tíṣà gan-an. Gbogbo wa la gbọ́ ọ̀rọ̀ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ àwọn tó ń sanwó ló ń jàǹfààní rẹ̀. Tíṣà ilé-ìwé ìjọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú tíṣà ìjọba, owó oṣù wọn ò sì dọ́gba. Ó máa ń kọ́ ọmọ, ó máa ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń kọ lẹ́tà fún àwọn ará abúlé, tó bá sì di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n á ní kó fojú sókè. Kò sí ìwé òfin kankan tó ní kí tíṣà má ráhùn. Ìwà ni, wọ́n ti kọ́ ọ mọ́ ọn lára láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Ìjẹ̀bú ni Dáódù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tíṣà Èkó ti ní ẹgbẹ́ tiwọn ní 1925. Ní 1926, Dáódù kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ sí ẹgbẹ́ kan. Ìgbà tó di ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1931, wọ́n pàdé ní CMS Grammar School ní Èkó, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, NUT tí gbogbo wa mọ̀. Dáódù ni ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi wà nípò náà. Ẹ wo àkókò tí wọ́n dá a sílẹ̀: ìgbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé ni, tí ìjọba ń dín owó ìrànwọ́ kù, tí àwọn ìjọ sì ń gé owó oṣù tíṣà. Ẹgbẹ́ náà pariwo. Tíṣà Áńgílíkà, ti Mẹ́tọ́díìsì àti ti Onítẹ̀bọmi wá rí i pé bí ṣọ́ọ̀ṣì wọn tilẹ̀ yàtọ̀, àpò wọn bára mu. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ láti máa dákẹ́, àwọn fúnra wọn ti dẹ́kun dídákẹ́. Èmi ò rò pé àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn ò rí i. Ọmọ tó bá rí tíṣà rẹ̀ tó dìde dúró sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò dìgbà tí wọ́n bá fi kún táímtébù.

Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Walter Elliot ni alága. Adúláwọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Dáódù láti Nàìjíríà, Korsah láti Gold Coast, àti Taylor-Cummings láti Sierra Leone. Nígbà tí ìròyìn ìgbìmọ̀ jáde ní 1945, wọn ò fẹnu kò. Apá kan ní yunifásítì kan ṣoṣo tó fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó wà ní Ìbàdàn. Apá kejì, tí àwọn adúláwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, ní mẹ́ta ló yẹ, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó o. Ọmọ Nàìjíríà tó mọ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n fẹ́ gbé e sí ní gbogbo ọ̀nà, ó ṣì fọwọ́ sí i pé kí Gold Coast àti Sierra Leone náà ní. Ní 1948, ti Ìbàdàn àti ti Gold Coast bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá wá dé, ọgbà ilé-ìwé di ibòmíì. Ìyá Fúnmiláyọ̀ ti ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Àwọn ìyá wọ̀nyí wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí àwọn fi ń san owó orí nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn àwọn. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní 1947 àti 1948 wọ́n dó ti ààfin, wọ́n kọrin, wọ́n kọ̀, wọn ò lọ. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú, ó sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949, kí wọ́n tó dá a padà ní ìparí 1950. Inú ọgbà ilé-ìwé tí Dáódù ń ṣe olórí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìpàdé wọ̀nyí ti wáyé. Ṣóyínká, ọmọdé nígbà náà, wà lára àwọn tó ń bá wọn jẹ́ṣẹ́ kiri.

Ọkọ mélòó ló máa gbà bẹ́ẹ̀ ní 1947? Ọ̀gá ilé-ìwé tí ìjọ ń sanwó fún, tí ìjọba ń ṣọ́, ìyàwó rẹ̀ wá ń bá ọba àti ìjọba jà láti inú ọgbà ilé-ìwé. Ohun tó rọrùn ni pé kí ó ní kí ìyàwó òun lọ ṣe tirẹ̀ níta, kí wọ́n má ba òun níṣẹ́ jẹ́. Dáódù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ máa ń gba àwọn obìnrin náà nímọ̀ràn. Ọmọ bọ́dìnhọ́ọ̀sì tó bá yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, ohun tó rí ju ohun tó wà nínú ìwé ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ wa bá pàdé, ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́óhò àti òrùlé kíláàsì, ẹnì kan máa dìde sọ pé ohun tó ba àwọn ọmọ ìsinsìnyí jẹ́ ni pé wọn ò nà wọ́n mọ́. Wọ́n á ní ẹ wo àwọn bíi Ransome-Kuti, pàṣán ni wọ́n fi kọ́ àwọn ènìyàn ńlá. Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni wọ́n ń sọ. Ilé-ìwé tó na ọmọ pọ̀ jaburata láyé ìgbà náà, kò fẹ́ẹ̀ sí èyí tí kò nà. Bó bá jẹ́ pé pàṣán ló ń ṣe é, gbogbo abúlé ì bá ti ní Ṣóyínká tirẹ̀. Ohun tí Dáódù ní tí àwọn yòókù ò ní ni ẹjọ́ yẹn, ẹnu tí wọ́n fún ọmọ láti fi gbèjà ara rẹ̀, àti pé ọmọ ń rí wọn tí àwọn fúnra wọn ń kọ̀ láti tẹrí ba fún ẹni tó lágbára jù wọ́n lọ. A mú pàṣán, a fi ẹjọ́ sílẹ̀. Pàṣán ló rọrùn láti rà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n náà sì ní ẹjọ́ tiwọn, mi ò ní fi dù wọ́n. Wọ́n á bi mí pé, ṣé ìwà yẹn lè dúró láìsí ìbẹ̀rù díẹ̀? Ṣé ọmọ á wá síwájú ẹjọ́ náà rárá tí kò bá sí pàṣán lórí tábìlì? Ìbéèrè gidi ni. Dáódù fúnra wọn ò gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, wọn ò rí ìjà kankan láàárín kí wọ́n na ọmọ àti kí wọ́n má jẹ́ kó di ẹrú. Èmi rí i. Bóyá nítorí pé ayé tí mo dé yàtọ̀ ni, bóyá nítorí pé èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n nà, tí wọn ò sì ní kí n rojọ́.

Ọmọ inú ilé wọn gan-an rí ìjà náà. Nígbà tí Fẹlá wà ní Abeokuta Grammar School láàárín àwọn ọdún 1950, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Planless Society. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé kò sí òfin, kí wọ́n máa tẹ òfin ilé-ìwé lójú. Wọ́n tiẹ̀ ní ìwé ìròyìn tiwọn. Ní 1986, ó gbé àwo kan jáde tí ó pè ní Teacher Don't Teach Me Nonsense, tó dá lórí ẹni tó ń kọ́ni àti ohun tó ń kọ́ni, láti ilé dé ilé-ìwé dé ìjọba. Ọmọ pirinsípà ló kọ ọ́. Ọmọ ọmọ àlùfáà olórin. Mi ò mọ ẹlòmíì tó lè kọ irú orin bẹ́ẹ̀.

Dáódù fẹ̀yìn tì ní 1954. Wọn ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1955, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n bá wọn fi ẹnu sí kó tó wà, sọ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kuti Hall ní ìrántí wọn. Àwọn ọmọ tó ń sùn síbẹ̀ pọ̀, àwọn tó rò pé Fẹlá ni wọ́n fi sọ orí ilé náà sì wà nínú wọn.

Àwọn ọmọ mẹ́rin tí mo ní a máa padà sọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Dolupo di nọ́ọ̀sì. Olikoye di dókítà àwọn ọmọdé, ó sì jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera láti 1985 dé 1993, lábẹ́ ìjọba ṣọ́jà Ọ̀gágun Babangida. Beko náà di dókítà. Lọ́dún 1992, ìjọba kan náà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ló ti Beko mọ́lé nítorí pé ó ń béèrè fún ìjọba alágbádá. Ìjọba ṣọ́jà tó ṣáájú wọn ló ju Fẹlá sẹ́wọ̀n ní 1984, kò sì jáde títí di 1986. Ẹ̀gbọ́n wà ní ọ́fíìsì mínísítà, ó ń sáré kí ọmọ ọwọ́ gbogbo rí abẹ́rẹ́ àjẹsára gbà. Àbúrò wà ní àtìmọ́lé. Ọgbà ilé-ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ti dàgbà, pàṣán kan náà ló nà wọ́n, iwájú bàbá kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rojọ́. Olikoye kú ní 2003, Beko tẹ̀lé e ní 2006. Títí dé òpin, kò sí èyí tó ní èkejì ṣàṣìṣe nínú wọn tí èmi gbọ́.